Bí Òkété Ṣe Fi Ọmú Borí Òfin Ìjàpá

Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ.

Ààlọ̀.

Ẹ gbé ohùn sókè kí n lè mọ̀ pé ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Ààlọ́ o.

Ààlọ̀ọ̀.

Kí ni ó ń jẹun kó tó mọ iṣẹ́, tó wá ń ṣiṣẹ́ ju ohun tó ń jẹ lọ, tó tún padà ń jẹun nígbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ Ìbíwùmí tí o ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ, ìwọ náà wà nínú rẹ̀. Èmi tí mo jókòó sórí àpótí yìí, mo wà nínú rẹ̀. Ẹ fọkàn bá mi lọ, a óò bá ìdáhùn náà lọ́nà.

Àlọ́ mi ta kìtì, ó fò gèrè, kò balẹ̀ sórí igi, kò balẹ̀ sínú odò. Ẹnu ọ̀nà àká ló balẹ̀ sí, níbi tí Ìjàpá ọkọ Yánníbo jókòó sí, tó ń ka ẹnu ẹlẹ́nu.

Ní ayé àtijọ́, gbogbo ẹranko jọ ń gbé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́-Àràbà. Ẹfọ̀n ni Baálẹ̀ wọn. Àká kan ṣoṣo ni ìlú náà ní, àká ńlá tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n fi bẹẹrẹ bo lórí. Ẹni tó bá ní agbára lọ sí oko. Ohun tó bá kó bọ̀, inú àká ló ń dà á sí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a pín oúnjẹ. Àwọn ọmọdé ló ń kọ́kọ́ gbà. Àwọn arúgbó a tẹ̀lé wọn. Àwọn géńdé tó ti oko dé ló ń gbà kẹ́yìn, wọ́n sì ń yó, nítorí ilẹ̀ dára, òjò sì ń rọ̀ lásìkò. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó dá àṣà náà sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe bá a ni wọ́n ń ṣe é.

Òkété wà nínú àwọn géńdé yìí. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí ebè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò tíì lajú tán. Ìyá tó bí i náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Màmá Àgbà. Eyín iwájú Màmá Àgbà ti ká pátápátá. Òkété tí kò ní eyín iwájú, ẹ̀yin ọmọ, àgbẹ̀ tí kò ní ọkọ́ ni. Àràárọ̀ ni Òkété ń fi àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílé, tí yóò forí lé oko, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá pẹ́ lóko, àká kò ní pẹ́ bọ́ wọn.

Géńdé ni Ìjàpá náà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá kọ ọgọ́rùn-ún ebè, òun a kọ mẹ́wàá, a ní ilé tí òun ń gbé kiri lẹ́yìn ló ń wúwo. Iṣẹ́ kò wù ú, oúnjẹ ló wù ú. Èyí tó sì ń dùn ún jù ni pé òun ni wọ́n ń fún kẹ́yìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn mú. Àwọn géńdé jókòó sábẹ́ igi lóko, wọ́n ń nu òógùn. Ìjàpá sún mọ́ Ìgalà.

Ó ní, "Ìgalà, ta ló gbin iṣu tí a jẹ lánàá?"

Ìgalà ní, "Àwa náà ni." Ó wo Ìjàpá, kò fẹ́ sọ pé ìwọ kọ́.

"Ta ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́?"

"Àwọn ọmọdé ni."

"Ṣé wọ́n gbé ọkọ́?"

"Wọn kò gbé ọkọ́."

"Àwọn wo ló tẹ̀lé wọn?"

"Àwọn àgbà."

"Ìgbà wo lo rí àgbà kan lóko kẹ́yìn?"

Ìgalà ronú títí. Ó ní, "Ó pẹ́."

Ìjàpá mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe. Ó ní, "Ẹ wo ọwọ́ yín, ó ti yi bí èèpo igi. Ẹni tí eyín rẹ̀ kò tíì hù ń jẹ ṣáájú yín. Ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká ń jẹ ṣáájú yín. Ẹ̀yin tí eyín yín pé, ẹ̀yìn lẹ wà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Ọ̀bọ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìgalà wo tirẹ̀. Òkété nìkan ni kò wo ọwọ́.

Ó ní, "Ìjàpá, nígbà tí ìwọ wà lọ́mọdé, ta ló fún ọ ní oúnjẹ?"

Ìjàpá ní, "Ìyẹn ti kọjá. Mo ti jẹ ẹ́, mo ti gbàgbé adùn rẹ̀."

"Bí o bá darúgbó ńkọ́?"

"Kó tó dìgbà yẹn, màá ti kó tèmi pamọ́. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ogbó, kó yáa kó ti ẹ̀ náà pamọ́."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Òkété bá gbé ọkọ́ rẹ̀, ó padà sídìí ebè.

Kò pé ọjọ́ méje tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Baálẹ̀. Ẹfọ̀n lágbára nígbà náà, ó lè fi ìwo tu gbòǹgbò. Ẹni tó bá lágbára, kò sóhun tó dùn létí rẹ̀ tó kí wọ́n sọ fún un pé kí olúkúlùkù jẹ èrè agbára rẹ̀. Màmá Àgbà fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ìjàpá ní ẹni tí kò lọ sóko kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ àká. Wọ́n bá ní kí màmá jókòó. Òkété lọ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ láti jókòó. Inú rẹ̀ bàjẹ́.

Báyìí ni òfin tuntun ṣe délẹ̀ ní Abẹ́-Àràbà. Olúkúlùkù yóò ní òkìtì tirẹ̀ nínú àká. Ohun tí ọwọ́ ẹni bá mú wá ni ẹnu ẹni yóò jẹ.

Baálẹ̀ béèrè pé, "Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ, kí ẹnì kan má baà jẹ lára òkìtì ẹlòmíì?"

Ìjàpá fa ọrùn sẹ́yìn díẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá rí ẹlòmíì, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ló lè jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ bí èmi?"

Kò sẹ́ni tó lè jà á níyàn. Wọ́n fi í ṣe olùṣọ́ àká. Wọ́n ní ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, kó máa mú iṣu kan àti ṣírí àgbàdo kan lára òkìtì olúkúlùkù, kó fi ṣe owó iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ìjàpá kò fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Nígbà tí ọjà mẹ́ta fi máa ná, òkìtì tirẹ̀ ló ga jù. Ó ń kan òrùlé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Òkété.

Òkìtì Òkété tó fún ẹnu kan. Ẹnu méje ló sì wà nílé rẹ̀. Kí ló ṣe? Bó bá dé àká, a kó èkùrọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, a kó sí ti òsì, a pa ẹnu dé, a sì máa lọ sílé wọ́ọ́rọ́. Ó ṣe é lọ́jọ́ kìíní, ó ṣe é lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, Ìjàpá pè é padà.

"Òkété, o kú iṣẹ́."

Òkété mi orí.

"Oko ńkọ́?"

Òkété tún mi orí.

"Ṣé ẹnu ń dùn ọ́ ni? Pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ wú. Sún mọ́bí, kí n fọwọ́ bà á wò."

Ìjàpá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Èkùrọ́ bọ́ sílẹ̀: kó, kó, kó.

Ìjàpá ní, "Àìsàn yìí mà ní èkùrọ́ nínú."

Ọjọ́ náà gan-an ló fi ẹsẹ kan kún òfin. Ó ní kò sí ẹni tí yóò gbé oúnjẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà àká mọ́. Ibẹ̀ ni olúkúlùkù yóò ti jẹ tirẹ̀, yóò ya ẹnu kí olùṣọ́ wò ó, kó tó máa lọ sílé. Ohun tí ẹnì kan bá kó bọ̀ láti oko kò sì gbọdọ̀ yà sí ilé, àká ni kó gbà.

Ebi wọ Abẹ́-Àràbà lójú ọ̀pọ̀ oúnjẹ. Àwọn ọmọdé ń sunkún títí ohùn wọn fi ń há. Àwọn arúgbó ń rìn lẹ́yìn ilé, wọ́n ń ṣa ewé jẹ. Àwọn géńdé yó, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ tètè délé mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Òkété dé láti àká, ó jókòó sórí ẹní, ó ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ìyẹn nìkan ni wọ́n ń rí jẹ. Ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, ẹ jẹun lónìí?"

Màmá Àgbà ní, "Oúnjẹ kì í wù mí mọ́. Àgbà ti dé."

Òkété mọ irọ́ náà. Irọ́ tí àwọn ìyá ń pa fún ọmọ ni.

Ọmọ rẹ̀ kan yó, ó já ọmú sílẹ̀, wàrà sì kán sára ẹní. Màmá Àgbà rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Ó fi ìka kan wàrà náà, ó fi kan ahọ́n. Nígbà tó gbójú sókè, tí ojú òun àti ọmọ rẹ̀ ṣe mẹ́rin, ìtìjú mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí aṣọ nu ẹní bí ẹni tó ń tún ilé ṣe.

Òkété ń wo ibi tí wàrà náà kán sí.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo géńdé pé sẹ́nu ọ̀nà àká, tí Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́, Òkété jẹ tirẹ̀ tán, ó ya ẹnu, Ìjàpá wò ó. Òkété kò lọ.

Ó ní, "Olùṣọ́ àká, mo fẹ́ béèrè òfin lọ́wọ́ rẹ."

Inú Ìjàpá dùn pé wọ́n ń béèrè òfin lọ́wọ́ òun. Ó ní, "Béèrè."

"Ohun tí mo jẹ tó ti wọ inú mi yìí, ti ta ni?"

"Tìẹ ni."

"Bó bá jáde lára mi ńkọ́?"

Ọ̀bọ bú sẹ́rìn-ín. Ìjàpá náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ dí ihò imú. Ó ní, "Tìẹ náà ni. Àwa kò bá ọ dù ú."

"Mo lè fún ẹni tó bá wù mí?"

"Fún gbogbo ìlú, bí wọ́n bá gbà á. Èmi kò fẹ́."

Òkété yíjú sí Ẹfọ̀n. "Baálẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

Ẹfọ̀n ń jẹ iṣu lọ. Ó ní, "Mo gbọ́."

Òkété sáré lọ sílé. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó di ìyá rẹ̀ mú, ó sì padà wá sẹ́nu ọ̀nà àká kí ẹnikẹ́ni tó tú ká. Ó jókòó sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ lọ́mú. Lẹ́yìn náà, ó fa Màmá Àgbà mọ́ra.

Màmá Àgbà fà sẹ́yìn. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ọmọ tí mo fún lọ́mú ni yóò tún fún mi lọ́mú, lójú ayé?"

Òkété ní, "Màmá, tiyín ni. Ẹ̀yin lẹ fi í sí mi lára."

Màmá Àgbà bá mu ún. Òkété sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, àwọn ọmọdé tí ebi ń pa ń gbè é:

Ọmọ tí mo bí, ẹ wá mu,
Kẹ́rẹ́nkẹ́.
Ìyá tó bí mi, ẹ wá mu,
Kẹ́rẹ́nkẹ́.
Ọwọ́ olùṣọ́ gùn títí,
Kẹ́rẹ́nkẹ́.
Kò lè gùn dé inú ọmú,
Kẹ́rẹ́nkẹ́, ẹ wá mu.

Ìjàpá fò dìde. "Baálẹ̀, arúgbó yìí ń jẹ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò mú wá."

Òkété ní, "Kò jẹ nǹkan kan. Ó ń mu ni. Ẹ ya ẹnu, Màmá, kí olùṣọ́ wò ó."

Màmá Àgbà ya ẹnu. Kò sí eyín, kò sí iṣu, kò sí èkùrọ́. Àwọn ará ìlú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ tó fi di ẹkún. Ìgalà, tí òun náà ń tọ́mọ lọ́wọ́, sáré lọ gbé ìyá tirẹ̀ wá, ó jókòó ti Òkété, ó fún un lọ́mú. Àwọn abiyamọ yòókù tẹ̀lé e. Ọ̀bọ lọ pọn bàbá rẹ̀ wá, ó dúró láàárín wọn, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ó ní, "Èmi ńkọ́? Èmi kò ní ọmú." Omijé ń dà lójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyá Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dé. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, orin ló tẹ̀ lé dé ibẹ̀. Ó ń fọwọ́ wá ọmọ rẹ̀ kiri títí ó fi fọwọ́ kan ìhà rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní àwọn ọmọ ń fún ìyá wọn lọ́mú. Tìrẹ dà?"

Baálẹ̀ Ẹfọ̀n wo àyà ara rẹ̀. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi irun. Ó wo iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, òun Ẹfọ̀n, ó fi iṣu náà sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo ìlú.

Nígbà tó dìde, ó ní, "A ti ṣe òmùgọ̀. Àká yìí ni ọmú ìlú. Gbogbo wa la jẹ nínú rẹ̀ kí ọwọ́ wa tó lè gbé ọkọ́. Nísinsìnyí tí ọwọ́ wa ń gbé e, à ń san èyí tí a jẹ, a sì ń gbin èyí tí a ó jẹ nígbà tí ọkọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wa. Òfin Ìjàpá ti tán. Kí ọmọdé gbà, kí àgbà tẹ̀lé e."

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti rí ìdáhùn mi? Ẹni tó ń jẹ kó tó mọ iṣẹ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe ń jẹ, ẹni tó ń jẹ lẹ́yìn iṣẹ́: ẹnì kan ṣoṣo náà ni. Ojúmọ́ ló kàn ń mọ́ lé e lórí.

Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tú gbogbo òkìtì inú àká pọ̀, ó di ọ̀kan. Ó wá ku òkìtì Ìjàpá, tó ga kan òrùlé.

Baálẹ̀ ní, "Ìjàpá, dà á mọ́ tiwa. Ọ̀la, gbé ọkọ́ rẹ. Bí o bá ṣàìsàn, bí o bá gbó, àká yóò bọ́ ọ."

Ìjàpá ṣírò rẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ó wo òkìtì náà. Iṣu tó wà níbẹ̀, òun nìkan kò lè jẹ ẹ́ tán láéláé. Kí ló dé tí òun yóò tún gbé ọkọ́ nítorí ọmọ ọlọ́mọ?

Ó ní, "Ẹ máa ṣe tiyín. Ẹ jẹ́ kí òfin mi wà fún èmi nìkan. Ẹ fún mi ní òkìtì mi."

Yánníbo fa á láṣọ. Ó ní, "Baálé mi, ẹ gba ti ìlú."

Ìjàpá ní, "Ìwọ kò mọ ìṣírò. Dákẹ́."

Baálẹ̀ ní, "Ó di tìẹ. Ó di ti ọmọ rẹ, àti ti ọmọ ọmọ rẹ. Ohun tí ọwọ́ yín bá mú wá ni ẹ ó jẹ, kò sí ẹni tí yóò bu fún yín, ẹ kò sì ní bu fún ẹnikẹ́ni."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà dùn ní Abẹ́-Àràbà. Wọ́n gún iyán, wọ́n se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Àwọn ọmọdé tò, wọ́n gbà. Wọ́n fi Màmá Àgbà síwájú àwọn arúgbó, wọ́n fọ́ iyán tirẹ̀ wẹ́wẹ́. Òkété gbà kẹ́yìn pẹ̀lú àwọn géńdé, ó sì jẹun tó wọ̀ ọ́ lára. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́ tó jẹun láìrántí ẹnikẹ́ni nílé.

Ìjàpá kó òkìtì rẹ̀ lọ sí ilé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń jẹ. Oṣù kan, oṣù méjì. Òjò dé. Iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ó rọ̀, ó ń rà. Kòkòrò wọ inú àgbàdo. Bó bá di ọ̀sán, Ìjàpá a máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, rúwẹ́rúwẹ́. Wọ́n ń jẹun ju òun lọ, wọn kò sì lọ sóko. Ó kó iṣu síta kó gbẹ, òjò pa á. Ó kó o wọlé, ó tún rà sí i. Ìgbà tí ìkórè tuntun fi máa dé, ohun tó ṣẹ́kù nínú òkìtì tó kan òrùlé kò ju ìyẹ̀fun dúdú kan lọ, tó ń rùn.

Ó gbé igbá, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà àká. Ó dúró sẹ́yìn àwọn ọmọdé, nítorí ó kúrú. Wọ́n ní ọmọdé kọ́ ni. Ó lọ dúró sẹ́yìn àwọn arúgbó, ó na ọrùn rẹ̀ tó hunjọ síta. Màmá Àgbà yíjú padà, ó mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Ìjàpá, ebi ń pa ọ́?"

Ohùn Ìjàpá kò jáde dáadáa. Ó ní, "Ó ń pa mí."

Màmá Àgbà bu lára tirẹ̀ sínú igbá náà. Ó ní, "Jẹ ẹ́. Lọ́la, bí o bá ń bọ̀, mú ọkọ́ dání, kí o wá bá Baálẹ̀ tún ọ̀rọ̀ sọ."

Ìjàpá jẹ ẹ́, ó lá igbá. Nígbà tó di ọ̀la, ó jí, ó wo ọkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fa orí wọ inú ilé ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà igbó lọ.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ ìjàpá fi ń wá oúnjẹ ara rẹ̀ láti ọjọ́ tó bá ti pa jáde nínú ẹyin, tí kì í rí ìyá tí yóò fún un ní nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ìjàpá arúgbó fi ń wọ́ kiri inú igbó tó ń wá ewé jẹ, tí kò sí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Òfin tó fẹ́ ló ń jẹ ẹ́ níyà.

Ti òkété kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá, wọn yóò sọ fún yín pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Ibi tí àlọ́ mi sinmi sí rèé. Bí ó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa fún yín, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Bí kò bá ṣe irọ́, kí ẹnu mi dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta: pó, pó, pó.